Ẹ̀fọ́ Ẹ̀jẹ́ Ìyá Moyọ̀

Winnipeg, Kánádà
Ọjọ́ 20, oṣù Kẹrin, 2025

Olówó orí mi, Bàbá Moyọ̀sọ́lá,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdáwà, ẹ sì kú ọdún Àjíǹde. Moyọ̀ ń kí yín, ọkọ rẹ̀ ń kí yín. Iṣẹ́olúwa ọmọ-ọmọ yín náà ń kí yín lọ́nà tirẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bì sí mi léjìká tán ni.

Mo pè yín lórí fóònù lọ́jọ́ Sátidé. Mo béèrè bóyá ẹ ti jẹun, ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo béèrè ohun tí ẹ jẹ, ẹ tún ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ oníke tí ẹ fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ yín dúró tì ní Ìkẹjà ti jẹ etí yín, ariwo tèmi kò lè tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká máa kọ lẹ́tà bíi ti ìgbà tí ẹ̀ ń fẹ́ mi. Moyọ̀ á máa ya fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí Kazeem ayálégbé wa, Kazeem á tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Computer Village, á sì mú un bọ̀ nílé fún yín. Òun náà ni kó máa ya tiyín ránṣẹ́ sí wa.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀fọ́ mi ńkọ́? Kí n tó lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú ni mo fọ́n ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ sínú gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àti àpò ìrẹsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ǹsì. Ẹ mọ ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Moyọ̀ ń rọbí níbí, tí ọ̀rọ̀ àwọn dókítà ń já wa láyà, mo wólẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, mo sọ fún Olúwa pé tó bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, n kò ní ra nǹkan lọ́jà lọ sí Ìkórè ọdún yìí bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe. Mo ní ẹ̀fọ́ tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ní àgbàlá mi ni màá gbé wá síwájú pẹpẹ. Olúwa ti ṣe tirẹ̀, ọmọ náà ló wà lórí ẹsẹ̀ mi yìí. Ó ku tèmi, ẹ̀yin ni mo sì fi í sí lọ́wọ́.

Yìnyín ṣì wà nílẹ̀ níbí o, nínú oṣù Kẹrin. Orí fèrèsé ni wọ́n ti ń mú irúgbìn hù, nínú ike yúgọ́ọ̀tì, bí ẹni ń tọ́ ọmọ tuntun. Stella, obìnrin Jàmáíkà kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, fún mi ní irúgbìn tẹ̀tẹ̀, mo sì ti fọ́n ọn sí fèrèsé ìdáná Moyọ̀. Moyọ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ máa bá mi bomi rin tilé, kí ẹ sì máa ti géètì kí ewúrẹ́ má baà wọlé.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Moyọ̀


Onígbòǹgbò, Ìkẹjà
Ọjọ́ 18, oṣù Karùn-ún, 2025

Ìyá Moyọ̀ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọmọ wa àti ọkọ rẹ̀, mo sì kí Iṣẹ́olúwa tó ń bì sí ọ lára. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Nípa ti etí mi, mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. Mo kàn gbà pẹ̀lú rẹ ni.

Má wulẹ̀ dààmú nípa ẹ̀fọ́. Òjò ti dé, wọ́n sì hù bí ẹni pé wọ́n ti ń dúró de kí o lọ. Mo ti pín iṣẹ́ wọn sí ṣíìfù, bíi ti ilé iṣẹ́: ṣíìfù àárọ̀ fún omi, ṣíìfù ìrọ̀lẹ́ fún koríko àti kòkòrò. Mo lọ sí Agége lọ gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ, mo gbé e wá nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Onímárúwá náà dúró ní ìdajì ọ̀nà, ó bèèrè ohun tó kú sínú àpò mi. Àlùbáríkà Ìkórè ni mo pè é fún un, ó sì gbé mi dé ilé, àmọ́ ńṣe ló yọ orí síta fèrèsé ní gbogbo ọ̀nà.

Ọwọ́ yẹpẹrẹ kọ́ ni mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí a ti ṣèlérí fún Ọlọ́run kì í ṣe nǹkan eré, mo sì ń ṣọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí mo bá ti ń wọ ibẹ̀, mo máa ń bọ́ bàtà mi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Oúnjẹ mi kò yàtọ̀, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ni mò ń jẹ lọ́pọ̀ ìgbà. Ilé yìí fẹ̀ jù fún ẹnì kan o.

Ọkọ rẹ tó gbọ́ràn dáadáa


Winnipeg
Ọjọ́ 1, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá Moyọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìgbẹ́ adìẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí Iṣẹ́olúwa fi jí. Ti bàtà tí ẹ ń bọ́ yẹn tún pa mí lẹ́rìn-ín jù. Ẹ ò kúkú burú.

Ẹ wá wo ohun tí ojú mi rí. Yìnyín tí mo rò pé kò ní lọ mọ́ ti lọ pátá, koríko bo gbogbo ilẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Oòrùn kì í wọ̀ bọ̀rọ̀. Èèyàn á jẹun alẹ́, á fọ àwo, á ka Bíbélì, oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run bíi ti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nílé. Tẹ̀tẹ̀ sì fẹ́ràn oòrùn ju bí èmi ṣe fẹ́ràn rẹ̀ lọ. Mo ti kó tèmi jáde sí ẹ̀yìnkùlé, lójoojúmọ́ ni mo sì ń rí ewé tuntun. Bàbá òyìnbó kan láti ilé kejì yọjú lórí ọgbà, ó bèèrè ìdí tí mo fi ń bomi rin koríko. Mo ní kó dúró dìgbà tí mo bá sè é.

Ẹ̀fọ́ tilé ti yẹ kó máa kún ìkòkò báyìí. Ṣé ẹ ń fún Fàúsát, ìyàwó Kazeem, nínú rẹ̀? Aboyún ni, ó yẹ kó máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ fi búrẹ́dì sílẹ̀.

Ìyá Moyọ̀


Onígbòǹgbò
Ọjọ́ 3, oṣù Kẹfà, 2025

Ìyá Moyọ̀,

Mò ń kánjú kọ èyí nítorí Kazeem àti Fàúsát ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde fún Iléyá, wọ́n á sì dúró wo Ojúde Ọba. Àmọ́ ìròyìn ayọ̀ yìí kò lè dúró dè wọ́n.

Ẹ̀fọ́ rẹ ti ga jù mí lọ. Ṣọkọ ti yọ òdòdó, Ìyá Moyọ̀, òdòdó tó pọ́n díẹ̀ tó funfun díẹ̀, lórí gbogbo rẹ̀ láìku ẹyọ kan. Àwọn tó ń kọjá lójú pópó ń dúró lẹ́nu géètì wa ya fọ́tò. Mo mọ̀ pé Ọlọ́run ti gbà á. Mo ti ní kí Ìyá Ìjọ wá wò ó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Kò sì sí ọwọ́ èèyàn kan tó já ewé kan níbẹ̀ láti ọjọ́ tí o ti lọ. Fàúsát bèèrè lẹ́ẹ̀mejì, mo fi sùúrù ṣàlàyé fún un pé ti Olúwa ni, pé èmi gan-an kò tọ́ ọ wò. Ó ní òun gbọ́. Ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n Ìkórè ni ká kọ́kọ́ dé ná.

Ọkọ rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ 4, oṣù Kẹfà, 2025

Bàbá Moyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e.

Mo kí yín, ṣùgbọ́n ẹ gé e. Ta ló sọ fún yín pé a kì í fọwọ́ kan ẹ̀fọ́ ẹ̀jẹ́? Ẹ̀fọ́ kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn ń fi sílẹ̀ kó gbó. Tí a bá ń gé e ló máa ń yọ ẹ̀ka, tí a kò bá gé e á yọ òdòdó, ewé rẹ̀ á le, á korò, iṣẹ́ rẹ̀ sì tán nìyẹn. Òdòdó tí àwọn èèyàn ń yà ní fọ́tò yẹn, òpin rẹ̀ ni wọ́n ń yà.

Ẹ tún wá fi ẹ̀fọ́ du aboyún. Bàbá Moyọ̀, aboyún! Nítorí aboyún ni mo ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ ọ̀hún o.

Mo ti pè yín lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yìí. Mo pariwo títí ọmọ fi ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ̀ ń wí. Moyọ̀ ti fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí Kazeem, ó ní òun ti wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú, pé tí òun bá dé òun á tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìgbà wo ló máa dé?

Ìyá Moyọ̀


Onígbòǹgbò
Ọjọ́ 24, oṣù Kẹfà, 2025

Ìyá àgbà Iṣẹ́olúwa,

Kazeem dé lánàá. Ó bá èèyàn rẹ̀ ṣe ọdún, ó sì gbàgbé lẹ́tà rẹ sínú fóònù rẹ̀. Mo kà á lórí ìdúró, mo wá jókòó.

Ìyá Ìjọ ti wá kí lẹ́tà rẹ tó dé. Mo ti gbálẹ̀, mo ti to bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́nà méjì kí wọ́n lè gba àárín kọjá. Wọ́n wo òdòdó náà, wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sí etí kànga. N kò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo ka lẹ́tà rẹ ló yé mi. Ojú tì mí, Ìyá Moyọ̀. Gbogbo ewé ti le bíi páálí, àwọn ìsàlẹ̀ ti ń rẹ̀ dànù. N kò ní nǹkan kan tí mo lè gbé lọ síwájú pẹpẹ.

Láàárọ̀ yìí mo fẹ́ hú wọn dànù. Mo di orí ọ̀kan mú, mo gbọ̀n ọ́n, irúgbìn dúdú wínníwínní tó ń dán sì dà sí mi lọ́wọ́. Mo gbọn èkejì, bákan náà ni. Mo lọ gbé abọ́ wá. Nígbà tí mo fi máa gbọn gbogbo wọn tán, irúgbìn tó wà nínú abọ́ náà tó ti oko ńlá. Sọ fún mi: tí èmi bá gbin èyí, ṣé ẹ̀jẹ́ rẹ ṣì ni, àbí ó ti di tèmi? Ìkórè ku oṣù méjì àtààbọ̀.

Ọkọ rẹ


Winnipeg
Ọjọ́ 6, oṣù Keje, 2025

Bàbá Moyọ̀ mi,

Inú mi ti rọ̀. Moyọ̀ ka lẹ́tà yín sókè fún ọkọ rẹ̀, nígbà tó dé ibi Ìyá Ìjọ àti etí kànga, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè kà á mọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ kò dà á nù.

Ọwọ́ mi ló fọ́n ìyá irúgbìn yẹn, nítorí náà tèmi ṣì ni. Ẹ fọ́n ọn kíákíá. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má baà ṣùpọ̀ sójú kan, kí ẹ má sì rì í sínú ilẹ̀. Tó bá ga dé orúnkún, ẹ mú ọbẹ, kí ẹ gé e, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Á rú. Ẹ tún gé e. Ẹ fún Fàúsát, ẹ fún aládùúgbò, kí ẹ̀yin gan-an jẹ nínú rẹ̀. Ó máa pọ̀ sí i ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kan tí mo ti ń sún síwájú. Moyọ̀ ti fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, kò sì tíì rí ẹni tó máa bá a mú ọmọ. Ó bẹ̀ mí, ó sunkún, mo gbà láti dúró títí ọdún á fi yípo. N kò ní sí nílé fún Ìkórè. Ẹ̀yin lẹ máa gbé ẹ̀fọ́ náà lọ, ẹ̀yin lẹ máa dúró síwájú ìjọ sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ràn kí ẹ máa sọ̀rọ̀ láàárín èrò. Ẹ má bínú sí mi.

Ìyá Moyọ̀


Winnipeg
Ọjọ́ 24, oṣù Kẹjọ, 2025

Bàbá Moyọ̀,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Gbogbo oṣù Keje, n kò gbọ́ nǹkan kan. Oṣù Kẹjọ ti ń parí lọ. Ṣé ẹ̀ ń bínú pé n kò bọ̀ ni? Moyọ̀ bèèrè lọ́wọ́ Kazeem, gbogbo ohun tó wí ni pé Bàbá wà dáadáa, wọ́n sì ní kí òun má sọ ohunkóhun. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn?

Tẹ̀tẹ̀ tèmi ti ga kọjá ọgbà. Bàbá òyìnbó yẹn ti wá jẹ ẹ́ nílé wa lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun fẹ́ irúgbìn. Ṣùgbọ́n Stella ní tó bá di ìparí oṣù tó ń bọ̀, òtútù á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo rẹ̀ á sì dúdú bí ohun tí wọ́n da omi gbígbóná sí. Nítorí náà à ń gé e, à ń bọ̀ ọ́ lórí iná, à ń kó o sínú fìríìsà bí ẹni tí ogun ń lé bọ̀. Inú mi ń dùn, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí tẹ̀yìnkùlé yìí kọ́ ni mo ṣèlérí.

Tí kò bá hù, ẹ sọ fún mi. Màá kọ̀wé sí Ìyá Ìjọ, màá tọrọ àforíjì. Ẹ má kàn lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́jà kí ẹ gbé e síwájú pẹpẹ lórúkọ mi o. Ọlọ́run á mọ̀, èmi náà á mọ̀.

Ìyá Moyọ̀


Onígbòǹgbò
Ọjọ́ Ìkórè, 14 oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ìyá Moyọ̀ mi,

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, n kò tíì bọ́ sùtánà mi. Gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀ kó o tó ka èyí.

O jàre pé o bínú. N kò kàn fẹ́ kọ lẹ́tà ìṣubú míì sí ọ ni. Irúgbìn tí mo kọ́kọ́ fọ́n, òjò ló gbé e lọ. Omi gọ́tà ya wọ àgbàlá, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì dé ẹnu géètì. Mo tún fọ́n òmíràn, adìẹ aládùúgbò wọlé, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán kí n tó rí bàtà wọ̀. Ni èmi àti Kazeem bá ru gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì gun orí dẹ́kìn ilé ẹ̀yìn, níbi tí tánkì omi wà. Ibẹ̀ ni mo fọ́n èyí tó kù nínú abọ́ sí. Tí èyí náà kò bá hù, kò sí irúgbìn mọ́. Àràárọ̀ ni mò ń gun àkàbà lọ wò ó, tí ọkọ̀ òfuurufú ń kọjá lórí mi. Nígbà tó hù, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí.

Ó ga dé orúnkún, ọ̀ràn wá dé. Mo mú ọbẹ, mo dúró. Èmi tí mo ń ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ gbígbóná láìwẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé ọbẹ sílẹ̀ nítorí ewé tẹ̀tẹ̀. Kazeem ní, "Bàbá, ẹ gé e jàre, Màmá ló ní kí ẹ gé e." Mo gbàdúrà, mo gé ti àkọ́kọ́, mo kó gbogbo rẹ̀ fún Fàúsát, mo sì tọrọ àforíjì. N kò sùn dáadáa títí mo fi rí i tó ń rú. Ẹ̀ka méjì níbi tí ọ̀kan wà, nígbà míì mẹ́ta. Mo pariwo lórí dẹ́kìn tó bẹ́ẹ̀ tí aládùúgbò fi rò pé mo já bọ́.

Lónìí mo gé e ní ìdájí, ó kún agbada ńlá rẹ dé etí. Mo gbé e lé orí, mo rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. O mọ̀ pé n kò gbé ẹrù lórí rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ ara wa, gbogbo Onígbòǹgbò ló ń kí mi. Ìyá Ìjọ mú igi kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó dún pẹ́kẹ́. Wọ́n ní, "Èyí kì í ṣe ẹ̀fọ́ ọjà." Wọ́n wá ní kí n sọ̀rọ̀.

Mo ti kó ọ̀rọ̀ jọ láti ọjọ́ tí o ti kọ̀wé, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ohun tí mo rí sọ kò ju èyí lọ: "Ìyàwó mi ló jẹ́ ẹ̀jẹ́ yìí nítorí Iṣẹ́olúwa. Èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́, torí mo rò pé tí nǹkan bá ti jẹ́ ti Ọlọ́run, èèyàn ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọlọ́run fún mi ní irúgbìn, mo tún un gbìn. Òun náà ló wà nílẹ̀ yìí." Ẹkún gbà mí níbẹ̀. Àwọn akọrin gbé orin, gbogbo ìjọ dìde. A ti san ẹ̀jẹ́ rẹ, Ìyá Moyọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe gbàǹjo, àwọn obìnrin du ẹ̀fọ́ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọn kò sì bá ẹnikẹ́ni du iṣu.

Mo gbé agbada òfìfo délé, mo gun orí dẹ́kìn, mo já ìwọ̀nba tó kù nídìí wọn, mo sì fi ata àti epo sè é gẹ́gẹ́ bí mo ṣe máa ń rí i tí o ń ṣe é. Ìdí ìkòkò jóná díẹ̀. Láti oṣù Kẹta tí o ti lọ, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo fi ẹnu kan ẹ̀fọ́ rẹ. Ó dùn gan-an. Mo jẹ ẹ́ tán, mo wo àga rẹ tó wà níwájú mi, àárò rẹ sì sọ mí gidigidi.

N kò bínú pé o dúró. Bá ọmọ wa mú ọmọ rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo gan-an ni ọkọ̀ òfuurufú rẹ máa balẹ̀ nínú ọdún tuntun? Ọyẹ́ á ti wà nílẹ̀ nígbà yẹn, á gba omi púpọ̀, mo sì ti ń tọ́jú kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Mo fi igi méjì sílẹ̀ láìgé kí wọ́n lè so irúgbìn. Ẹ̀fọ́ ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó tó ga dé orúnkún. Tètè sọ ọjọ́ náà fún mi, kí n lè mọ ọjọ́ tí màá fọ́n irúgbìn.

Ọkọ rẹ